Ọkọ̀ Tí Ó Gbó Kì Í Ṣe Ọkọ̀ Tí Ó Bàjẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ìkìlọ̀ ni òwe yìí jẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi ìwàǹwára wọ ọkọ̀. Òwe náà kò sọ pé kí a má wọ ọkọ̀ rárá. Ohun tí ó sọ ni pé kí a fara balẹ̀ wo omi, kí a wo ọkọ̀, kí a sì wo ara wa, kí a tó gbé ẹsẹ̀ lé e. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, òwe yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun ti wọ ilé wa ní Ìràwọ̀, ní Òkè-Ògùn lọ́hùn-ún tí òkun jìnnà sí, kálukú sì ń dá sí i bí ó ṣe yé e.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Ọdún yìí ni ó pé 50 ọdún tí bàbá àti ìyá mi ti fẹ́ ara wọn. Tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi. Èlùbọ́ ni ìyá mi ń tà, láti Ìràwọ̀ títí dé Ṣakí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Ọba sọ pé òun kò ní ná owó òun sí aṣọ ẹbí àti màlúù. Òun fẹ́ kí àwọn òbí wa lọ gbafẹ́ lórí òkun fún ọjọ́ 12. Ọkọ̀ tí ó rí kò tóbi, èrò inú rẹ̀ kò tó 300. Ó ti lé ní 30 ọdún tí wọ́n ti kàn án. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àwọn ọlọ́lá ni: yàrá tí ó gbayì, oúnjẹ tí a kò ní san owó mìíràn lé lórí, òṣìṣẹ́ tí yóò máa dúró ti ènìyàn. Láti Dàkár ní Sẹ̀nẹ̀gà ni yóò ti ṣí, yóò yà ní Bàǹjúlù àti ní Freetown, yóò sì já èrò sílẹ̀ ní Tẹ́mà ní orílẹ̀-èdè Gánà. Owó àsansílẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé kí oṣù yìí tó parí.

Bí ìròyìn yìí ṣe dé ilé ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi kékeré ní ọkọ̀ àlòkù ni, àti pé kò sí ẹni tí ó ń fi owó gọbọi ra ibojì fún òbí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ó wà ní Èkó ní bí wọn yóò bá tilẹ̀ lọ, kí wọ́n wọ ọkọ̀ tuntun ràgàjì tí òun rí nínú fóònù, nítorí pé owó rẹ̀ lójúmọ́ kò tó ti èyí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní yàrá ní iléèwé sọ pé ìnáàkúnàá ni gbogbo rẹ̀. Ìyá mi béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé kì í rì? Bàbá mi kò sọ nǹkan kan títí ilẹ̀ fi ṣú, kí ó tó wá ní, “Ìwọ tí o wà ní yunifásítì, kí ni o rí sí i?”

Ohun tí mo rí sí i ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ní òbí tí ó ti dàgbà àti ẹbí tí ó wà ní òkè òkun. Èrò mi ni pé kí wọ́n wọ ọkọ̀ kékeré tí ó ti dàgbà yìí. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè tí a máa ń bi àgbàlagbà kí a tó fi ọmọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀: ta ni ó ń tọ́jú rẹ, báwo ni ara rẹ ṣe le sí, kí sì ni o mọ̀ ọ́n ṣe jù?

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí bẹ̀rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé àwa tí à ń wọ mọ́tò láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, láti Ìsẹ́yìn dé Ìbàdàn, ni a wá ń bẹ̀rù ohun tí ó ti lo 30 ọdún. Mélòó nínú àwọn bọ́ọ̀sì tí à ń wọ̀ ni ó dé ọwọ́ wa ní tuntun? Tòkunbọ̀ ni wọ́n. Nígbà kan rí, orúkọ ọmọ ni Tòkunbọ̀, orúkọ iyì fún ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí àwọn òbí rẹ̀ gbé wá sílé. Lónìí, tí a bá ti gbọ́ tòkunbọ̀, mọ́tò àti fìríìjì àlòkù ni ó ń wá sí wa lọ́kàn. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń dúró ní gáréèjì kí ó bi dẹ́rẹ́bà pé ọdún wo ni wọ́n ṣe ọkọ̀ rẹ̀. Táyà ni ẹni tí ó gbọ́n ń wò. Ó ń wo ojú dẹ́rẹ́bà, bóyá oorun wà níbẹ̀. Ó ń béèrè bóyá bíréèkì ń mú. Àwọn nǹkan tí ó ń pa ènìyàn lọ́nà ni ìwọ̀nyí, ọjọ́ orí ọkọ̀ nìkan kọ́.

Bákan náà ni ó rí lórí òkun. Ọkọ̀ Titanic tí ó rì ní oṣù kẹrin ọdún 1912, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 1,500, ìrìn àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó ń rìn. Ọ̀dà ara rẹ̀ kò tíì ṣá. Ọkọ̀ Costa Concordia tí ó forí sọ àpáta létí erékùṣù Giglio ní Ítálì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, ọdún 2006 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ènìyàn 32 ni ó sì bá a lọ. Ọkọ̀ tuntun ni àwọn méjèèjì. Ìwà ẹni tí ó ń darí wọn ni ó gbé wọn dé ibi tí wọ́n dé.

Èyí tí ó wù mí jù nínú ìtàn ọkọ̀ ni ti Andrea Doria àti Stockholm. Andrea Doria ni ìgbéraga àwọn ará Ítálì, ọdún 1953 ni ó bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò. Stockholm jẹ́ ọkọ̀ kékeré àwọn ará Swídìn, ọdún 1948 ni ti rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1956, nínú kùrukùru òru nítòsí Amẹ́ríkà, Stockholm fi imú gbá Andrea Doria. Ọkọ̀ ńlá tuntun rì. Ọkọ̀ kékeré, tí ó dàgbà jù ú lọ, fi imú wíwó rìn padà dé New York, wọ́n sì kan imú mìíràn fún un. Láti ìgbà náà ni olówó ti ń yí, tí orúkọ ń yí, títí ó fi di Astoria, ó sì ń gbé arìnrìn-àjò afẹ́ kiri títí di ọdún 2020. Ẹni ọdún 72 ni nígbà náà. Bí wọ́n bá fún ẹ̀dá ní irú ara bẹ́ẹ̀, yóò dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń pọ́n ọkọ̀ àtijọ́ láìwo ẹ̀yìn wò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, ọkọ̀ kan tí à ń pè ní Oceanos rì ní etíkun Gúúsù Áfíríkà. Ó ti tó nǹkan bí 40 ọdún tí wọ́n ti kàn án. Orí kó gbogbo èrò rẹ̀ yọ, 571 ni wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá ọkọ̀ ti bọ́ sílẹ̀ ṣáájú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kí ni ó rì í? Omi ráyè wọlé, ihò tí wọn kò dí sì wà lára ògiri irin tí ó yẹ kí ó dá omi dúró, omi wá ń ti yàrá kan bọ́ sí èkejì. Ẹ ò rí i pé ọjọ́ orí nìkan kọ́? Ẹni tí ó rí ihò tí kò dí i ni ọ̀rọ̀ bá wí. Ohun tí ó bá gbó tí a sì ń tọ́jú, àgbà ni. Ohun tí ó bá gbó tí a pa tì, òkìtì àkísà ni.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi bi ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà kò ju mẹ́rin lọ. Èkínní ni pé ìgbà wo ni wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà jáde kúrò nínú omi kẹ́yìn láti yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò? Òfin àgbáyé nípa ààbò lórí òkun, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1914 nítorí ọ̀rọ̀ Titanic, tí wọ́n sì tún kọ ní ọdún 1974, pa á láṣẹ pé ọdọọdún ni kí a yẹ ọkọ̀ èrò wò, kí a tó fún un ní ìwé ẹ̀rí mìíràn. Láàárín ọdún márùn-ún, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì ni ó gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú omi. Èkejì ni pé kí ni wọ́n pààrọ̀ nígbà náà: ẹ́ńjìnnì ni, páìpù omi ni, ẹ̀rọ amúlétutù ni, àbí kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnì nìkan? Ẹni tí ó kun ilé tí kò tún òrùlé ṣe, òjò ni yóò sọ fún un. Ẹ̀kẹta, orílẹ̀-èdè wo ni àsíá rẹ̀, ta sì ni ó ni ín báyìí? Ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ ń yí lọ́dọọdún dà bí ọmọ tí alágbàtọ́ rẹ̀ ń yí. Ẹ̀kẹrin, báwo ni ìmọ́tótó rẹ̀ ṣe rí? Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ iyì máàkì. Àwọn ọkọ̀ afẹ́ tí ń yà ní èbúté Amẹ́ríkà, àwọn elétò ìlera ìjọba ibẹ̀ a máa wọ inú wọn láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n a wo ilé ìdáná, omi mímu àti adágún ìwẹ̀, wọ́n a sì fún ọkọ̀ náà ní máàkì nínú 100. Èyí tí ó bá gba 85 tàbí tí ó kéré sí i, ó fìdí rẹmi. Gbogbo ayé ni ó lè ka máàkì náà. Bí ọkọ̀ yìí bá ti yà níbẹ̀ rí, máàkì rẹ̀ yóò wà nílẹ̀.

Ọkọ̀ tí ó bá dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yìí dáadáa, n kò ní bi í ní ọjọ́ orí mọ́. Ọkọ̀ kan wà tí orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ń jẹ́ Seabourn Spirit. Ọdún 1989 ni ó jáde. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005 ni àwọn ajalèlókun yìnbọn sí i nítòsí Sòmálíà, ó sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ó lé ní 30 ọdún, àwọn tí ó rà á gé e sí méjì ní àárín, wọ́n fi abala tuntun tí ó tó mítà 25 sí i, wọ́n sì fún un ní ẹ́ńjìnnì tuntun. Star Breeze ni ó ń jẹ́ nísinsìnyí. Àgbà tí ó gba ẹ́ńjìnnì tuntun sára, ta ni yóò pè é ní àlòkù?

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni ó kàn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń sọ nípa ọkọ̀ bíi Icon of the Seas tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2024. Òótọ́ ni pé àrà ni ọkọ̀ náà. Gígùn rẹ̀ tó mítà 365; adágún ìwẹ̀ méje ni ó wà nínú rẹ̀; bí èrò inú rẹ̀ bá kún, ó lè tó 7,600, láìka àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé ní 2,000. Odindi ìlú ni. Ó dára púpọ̀ fún ẹni tí ó ní ọmọ wẹ́wẹ́ tí ó fẹ́ máa yọ́ lórí omi láti àárọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè: kí ni bàbá ẹni ọdún 73 tí orúnkún ń dùn yóò ṣe pẹ̀lú adágún méje? Kí ó tó rìn láti yàrá dé ibi oúnjẹ, ebi yóò ti pa á lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìyá mi bá sì ṣìnà, ta ni yóò bi?

Nínú ọkọ̀ kékeré, ọjọ́ kẹta kò ní pé tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò fi mọ orúkọ rẹ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ibi tí a kò ti lè kí ènìyàn kò yàtọ̀ sí aginjù. Ìyá mi kò lè jókòó ti ẹni kan jẹun kí ó má béèrè ọmọ mélòó ni onítọ̀hún bí. Ẹni tí ó bá rí i láàárọ̀ ni yóò tún rí lálẹ́, wọn yóò sì máa bára wọn ṣe àwàdà. Yàtọ̀ sí èyí, ọkọ̀ ràgàjì kò lè wọ gbogbo èbúté. Ibi tí omi bá jìn tí èbúté sì fẹ̀ ni ó ń lọ. Kékeré ni ó lè rọra wọ ẹnu odò àti èbúté tí kò fẹ̀, irú èyí tí ó pọ̀ ní etíkun tiwa níbí. Ní ti owó, kí a má wo ti ojúmọ́ nìkan. Ọkọ̀ ńlá a máa ta yàrá ní ọ̀pọ̀, a sì tún máa ta ohun mímu, íntánẹ́ẹ̀tì àti ìrìn àjò orí ilẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí a tó sọ pé ọ̀kan wọ́n ju èkejì lọ.

Ọkọ̀ kékeré náà ní àbùkù tirẹ̀, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbì a máa mì í ju ọkọ̀ ńlá lọ. Ilé ìwòsàn inú rẹ̀ kì í tó ti ọkọ̀ ńlá. Bí ènìyàn kan bá ń yọ ọ́ lẹ́nu nínú rẹ̀, kò sí ibi tí yóò sá sí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ṣé ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ tí à ń pè ní kékeré lónìí ni àwọn bàbá wa pè ní ràbàtà? Láti ọdún 1852 ni ọkọ̀ méèlì ti ń ná etíkun wa àti ìlú Ọba. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, mẹ́ta nínú wọn ni ó lókìkí jù, ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster: Accra, Apapa àti Aureol. Aureol ni àbíkẹ́yìn wọn. Ọdún 1951 ni ó kọ́kọ́ gbéra ní Liverpool. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí tọ́ọ̀nù 14,000, èrò rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 350 lọ. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ó ń lò láti Liverpool dé Àpápá, a sì máa yà ní Freetown. Nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ti kọ́kọ́ rí òtútù, tí wọ́n sì ti kọ́ bí a ṣe ń fi fọ́ọ̀kì jẹun kí wọ́n tó dé London. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀, Aureol fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1974. Wọn kò fọ́ ọ. Wọ́n tà á, ó lọ di ilé gbígbé lórí omi ní etíkun Saudi Arabia, ọdún 2001 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú irin rẹ̀ ní Íńdíà. Ó lo 50 ọdún láyé. Ẹni ọdún 21 ni bàbá mi nígbà tí ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Èkó. Ó máa ń sọ pé àwọn ẹ̀gbọ́n òun wọ méèlì, àwọn àbúrò òun wọ bàálù, òun nìkan ni kò wọ ọ̀kankan.

Aureol náà ni ó gbé mi dé ìdí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ. Orúkọ òkè kan ní Freetown ni orúkọ ọkọ̀ yẹn. Lórí òkè náà, Mount Aureol, ni Fourah Bay College wà lónìí. Ta ni ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní ọdún 1827? Àjàyí Crowther ni, ọmọ Òṣogùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ọmọ Òkè-Ògùn bíi tiwa. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni wọ́n tì í sínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Pọtogí ní Èkó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú omi, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ ní Freetown ní oṣù kẹfà. Ní Freetown náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sílẹ̀. Ní ọdún 1830 ni Raban tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde nípa èdè wa, tí wọ́n ń pè ní Aku nígbà náà. Ní ọdún 1843 ni ìwé Crowther nípa ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí a wà yìí, èbúté ni ó ti wá.

Títí di òní ni Krio tí wọ́n ń sọ ní Freetown ń pe ìkómọ ní komojade, tí wọ́n sì ń pe sàráà ìdílé ní awujoh. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì yìí tí kò ní rẹ́rìn-ín. Bàbá mi fi 35 ọdún kọ́ àwọn ọmọdé ní ìtàn Àjàyí Crowther. Kò tíì fi ojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀ tí Àjàyí sọ̀ sí. Ọkọ̀ tí à ń jiyàn lé lórí yìí yóò yà níbẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan.

Àkókò kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Igi àràbà ńlá kan wà ní àárín gbùngbùn Freetown, tí gbogbo ará ìlú fi ń júwe ìlú wọn. Gbogbo ènìyàn gbà pé yóò máa wà níbẹ̀ títí láé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjì òjò dà á wó lóru ọjọ́ kan. Ẹni tí ó ti ń sọ pé òun yóò lọ wò ó ní ọdún tí ń bọ̀, kí ni yóò lọ wò?

Ọ̀nà yìí tún ní àǹfààní kan tí ọkọ̀ ràgàjì tí ń ná òkun Amẹ́ríkà kò ní. Sẹ̀nẹ̀gà, Gáḿbíà, Sàró àti Gánà, ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS ni gbogbo wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 1979 ni ọmọ Nàìjíríà ti ní ẹ̀tọ́ láti wọ orílẹ̀-èdè wọ̀nyí fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá òbí tò ní ọ́fíìsì físà mọ ohun tí mo ń sọ: àgbàlagbà tí ó ti fi ọdún gbogbo jẹ́ ẹni iyì ládùúgbò, tí ọmọdé kan wá ń bi pé kí ni yóò mú un padà wálé. Lójú ọ̀nà yìí, ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ni wọn yóò mú dání. Bí wọ́n bá sì sọ̀ ní Tẹ́mà, wọ́n lè gba Lomé àti Kútọnu wálé ní orí ilẹ̀. Ìyá mi kò ní sọnù ní Kútọnu, bí ọjà bá ti wà níbẹ̀.

Ó ku àwọn tí ó ní ìnáàkúnàá ni. Mo gbọ́ wọn, mo sì mọ̀ pé owó náà tó kọ́ yàrá méjì sí ẹ̀yìn ilé wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe yàrá ni ìbá jẹ́ bí kò bá jẹ́ ọkọ̀. Ayẹyẹ ni ìbá jẹ́. Àgọ́, olórin, màlúù, aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò ní wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àlejò yóò yó, àwọn tí à ń ṣe é fún yóò dúró lórí ẹsẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọn yóò sì lo ọ̀sẹ̀ kan láti fi sinmi. Kò sí ẹni tí ó pe ìyẹn ní ìnáàkúnàá. Ẹni tí ó fi 50 ọdún gbé òbí nípò òṣìṣẹ́, ǹjẹ́ kò lè gbé wọn nípò àlejò fún ọjọ́ 12?

Nítorí náà, ohun tí mo sọ fún bàbá mi nìyí. Kí ẹ̀gbọ́n mi béèrè ìbéèrè mẹ́rin tí mo kà sókè, kí ó sì gba ìdáhùn rẹ̀ ní kíkọ. Bí ìdáhùn kan kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó fi owó rẹ̀ sápò. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó gba yàrá tí ó wà ní àárín ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀, níbi tí ìgbì kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ mi ènìyàn, tí àtẹ̀gùn kò sì ní pọ̀ fún orúnkún bàbá mi. Kí ó béèrè bóyá líìfùtì ń ṣiṣẹ́, àti ibi tí èrò yóò ti máa bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré kí wọ́n tó dé èbúté. Kí ó san ìnṣọ́ránsì tí yóò gbé wọn dé ilé ìwòsàn orí ilẹ̀ bí ara kò bá yá. Kí wọ́n gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí yóò tó oṣù kan dání. Kí ìrìn náà jẹ́ ìgbà ẹ̀rùn, nítorí òjò Freetown ní oṣù keje àti ìkẹjọ kì í ṣe eré.

Odò Ògùn tí ó ń ṣàn ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, tí a fi ìsédò Ìkéré dá dúró nítòsí Ìsẹ́yìn, ọ̀sà Èkó ni ó ń lọ nígbẹ̀yìn. Omi ilé wa ti ń lọ sí òkun láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó tó àkókò kí àwọn àgbà ilé wa náà lọ, ní ẹ̀rọ̀, kí wọ́n sì padà wálé sọ fún wa bí ó ti rí.

Èmi ti sọ tèmi. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rí i lọ́nà mìíràn, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ṣì ní ojú ewé lọ́dún tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó má kàn sọ pé ọkọ̀ náà ti gbó. Kí ó sọ ibi tí ó ti bàjẹ́ fún wa.